Kí ló ń ké ṣììì nínú íápíìsì yín?

Alàájà kan tó ń ta ẹja ní Ẹbúté Ìpakodò ló gbé àpótí kékeré kan padà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sábó. Èmi fúnra mi ni mo ṣe àpótí náà fún un: ampilifáyà ni, ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ohùn. Àárín rédíò onímẹ́mọ́rì rẹ̀ àti hẹ́dífóònù ló máa ń wà, kí wáàsí lè dún ketekete sí i létí nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé e lọ sí Èkó láàárọ̀.

"Ẹnjiníà," ó ní, "ohùn aáfà ń dún dáadáa o. Ṣùgbọ́n tí aáfà bá ti dákẹ́ kó fi mí báyìí, nǹkan kan á máa ṣe ṣììì bí ẹni ń din ẹja. Ó sì ń jẹ bátìrì bí ẹni ń jẹ gúgúrú."

Mo ní, "Ẹ má bínú mà. Ẹ jẹ́ n tú u wò."

Kí n tó tú u ni mo ti mọ ohun tí mo máa bá níbẹ̀: IC ampilifáyà kan (ègé ẹ̀rọ kékeré) tí wọ́n ń pè ní TDA2822M, bátìrì 9 V kan, iná pupa kan níwájú. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe nìyẹn. N kò ní bú IC yẹn o. Kò wọ́n, ó lè ṣiṣẹ́ láti fóltì 1.8, ọ̀pọ̀ rédíò onírẹ́kọ́dà ayé àtijọ́ ló sì gbé e rìn. Àmọ́ tí ẹ bá jó o bí ìwé rẹ̀ ṣe wí, nǹkan bí ìlọ́po 90 ló máa ń sọ ohun tó bá wọlé dà. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi etí léèrè ohun tó fẹ́. Hẹ́dífóònù tó wọ́pọ̀ lọ́jà jẹ́ óòmù 16 tàbí 32. Púpọ̀ nínú wọn, tí ẹ bá fún un ní mílíwáàtì 1 péré, á fún yín ní nǹkan bí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 100, ìyẹn ohùn tí etí ò lè gbà pẹ́ láìfarapa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má gbọ́ ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80 lọ fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ kan. Láti 100 wá sí 80, agbára tí hẹ́dífóònù ń fẹ́ ti dín kù sí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Kódà mílíwáàtì 1 tí mo ní ó pọ̀ jù yẹn, lórí óòmù 32, fóltì 0.18 ni. Rédíò Alàájà fúnra rẹ̀ lè gbé fóltì 0.18 jáde láìlàágùn.

Kí wá ni àpótí mi ń ṣe láàárín wọn? Ẹ wo táǹkì omi orí ilé: ó lè ga dáadáa, kí páìpù tó ti ara rẹ̀ wá tín-ín-rín, omi á sì máa kán tó, tó. Bí rédíò náà ṣe rí nìyẹn. Fóltì rẹ̀ ga tó, ṣùgbọ́n kò lágbára láti ti kọ́rẹ́ǹtì wọ inú hẹ́dífóònù ńlá. Páìpù tó gbòòrò ló ń fẹ́. Èmi wá lọ ra táǹkì tó ga ní ìlọ́po 90 fún un. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Tèmi, ìtẹ́ ẹkùn ni mo kọ́ fún eku.

Ọ̀rọ̀ ṣììì náà kò le. Gbogbo ampilifáyà ló ní ariwo tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìwọlé. Ká ní ó jẹ́ máíkírófóltì 2, ohun tí kò tó nǹkan. Ampilifáyà tó bá sọ ohùn di ìlọ́po 90 á sọ ariwo náà di ìlọ́po 90, á di máíkírófóltì 180. Lórí hẹ́dífóònù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ń lọ sí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 40. Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń sáré láti Sábó lọ sí Agric, ẹ ò ní gbọ́ ọ rárá. Ní aago méjì òru, tí gbogbo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ti kú, bí ẹni ń gbálẹ̀ nínú etí yín ni. Tí ìlọ́po bá jẹ́ 2, ariwo kan náà ò ní ju máíkírófóltì 4 lọ. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 7 nìyẹn, òru gan-an á bò ó mọ́lẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí tiyín ti ń wá, ẹ yí fólúmù tó wà lẹ́nu ọ̀nà ampilifáyà dé òdo. Tí ṣììì bá bá a lọ, inú rédíò tàbí fóònù ló ti wá. Tí kò bá lọ, ampilifáyà ló ń dá kùn.

Ó wá ku bátìrì, èyí tó dójú tì mí jù. IC yẹn ń jẹ nǹkan bíi mílíáḿpù 6 lórí ìjókòó, yálà aáfà ń sọ̀rọ̀ tàbí kò sọ̀rọ̀. Iná pupa iwájú rẹ̀ ń jẹ 5, nítorí ọmọ iṣẹ́ mi fẹ́ kó máa tàn wàì. Etí Alàájà méjèèjì ńkọ́, ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80? Ìdajì mílíáḿpù! Ẹni tí a torí rẹ̀ se oúnjẹ kò rí ju òkèlè kan jẹ. Àwọn tó gbé e wá ló jẹ ìyókù. Bátìrì 9 V tó dáa kì í ju nǹkan bíi mílíáḿpù-wákàtí 500 lọ, nítorí náà wákàtí 43 ti tó láti gbẹ ẹ́.

Fóltì 9 yẹn fúnra rẹ̀ tún jẹ́ òfò. Ampilifáyà irú èyí, tí wọ́n ń pè ní class AB, ń gba kọ́rẹ́ǹtì kan náà lọ́wọ́ bátìrì, ì báà jẹ́ bátìrì fóltì 9 tàbí 2. Ohun tó bá ṣẹ́kù á di ooru lára IC. Láti gbé mílíwáàtì 1 wọ etí kan, bíi mílíwáàtì 22 ni bátìrì fóltì 9 máa san. Fóltì 1.8 kò ní san tó 5. Ìdí nìyẹn tí IC inú fóònù ìgbàlódé fi ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní class G: ó ń lo fóltì kékeré nígbà tí orin bá rọlẹ̀, ó sì ń gbé fóltì sókè nígbà tí ìlù bá dún gbì, bí awakọ̀ ṣe ń yí jíà.

Mo tú gbogbo rẹ̀ dànù. Mo fi op-amp kan (IC ampilifáyà kékeré tí a lè fúnra wa yan ìlọ́po rẹ̀) sí i, tí àpapọ̀ ìjẹun rẹ̀ ò ju mílíáḿpù 2 lọ, tó sì ń ṣiṣẹ́ lórí bátìrì BL-5C, èyí tí gbogbo wa mọ̀ láti ayé Nokia. Ìlọ́po 2 ni mo fún un. Mo gbé rèsísítọ̀ iná pupa, ìyẹn ohun tó ń dín kọ́rẹ́ǹtì rẹ̀ kù, sókè sí kílóòmù 10. Ó ṣì ń tàn, kò kàn tàn wàì mọ́ bíi ti ọkọ̀ ọlọ́pàá ni.

Rèsísítọ̀ gba sùúrù díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ariwo àti bátìrì ti ń jà. Rèsísítọ̀ ń pariwo fúnra rẹ̀, láìsí pé ohunkóhun bàjẹ́ lára rẹ̀. Johnson àti Nyquist ló fi èyí hàn ní Amẹ́ríkà ní 1928. Bó bá ṣe tóbi tó ni ariwo rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Kílóòmù 1 kò pé máíkírófóltì 1 láàárín ohun tí etí lè gbọ́. Kílóòmù 100 ń sún mọ́ 6. Nítorí náà, níbi tí ohùn ń gbà kọjá, tí a ti ń pín ìlọ́po, kílóòmù 1 ni mo lò. Ṣùgbọ́n rèsísítọ̀ méjì kan wà tó ń pín fóltì bátìrì sí méjì kí ohùn lè jókòó láàárín. Àwọn yẹn, ọ̀sán òru ni wọ́n ń mu bátìrì. Kílóòmù 10 méjì á máa mu máíkíróáḿpù 185. Kílóòmù 100 méjì ò ní ju 18 àti díẹ̀ lọ. Ńlá ni mo fi síbẹ̀, mo wá de kapásítọ̀ (ohun tó ń tọ́jú iná díẹ̀ sínú) máíkírófárádì 10 mọ́ àárín wọn kó gbé ariwo wọn mì. Ẹni tó bá gbàgbé kapásítọ̀ yẹn, gbogbo ìdọ̀tí bátìrì ló máa bá ohùn wọlé.

Kapásítọ̀ ẹnu ọ̀nà àbájáde ńkọ́? Máíkírófárádì 220 lórí óòmù 32 á jẹ́ kí ìró sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí 23 Hz. Tí ẹ bá fi 47 sí i torí àyè ò sí, láti 106 Hz ni báàsì á ti máa bọ́, kí ẹ má dá oní Fújì lóhùn tó bá wá fìjà pẹ̀ẹ́ta.

Alàájà ti ń lo tirẹ̀ láti ìgbà náà. Ohun kan ṣoṣo ló tún bá wá: tó bá gbé fóònù rẹ̀ ka orí àpótí náà, á máa gbọ́ dẹ́-dẹ́-dẹ́ kí ìpè tó wọlé. Fóònù tó bá wà lórí 2G ń tú ìgbì rẹ̀ jáde ní ìgbà 217 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wáyà tó gùn nínú àpótí á sì gbé e bí eriali. Mo gé wáyà ẹnu ọ̀nà kúrú, mo jó kapásítọ̀ píkófárádì 100 kan lọ sí gíráùndì níbẹ̀. Mo sì bẹ̀ ẹ́ kó máa fi fóònù sí àpò kejì.