Kí Ló Ń Jẹ Àyè Nínú Géèmù Tuntun?

Àbúrò kan tó ń kàwé ní FUTA, ní Àkúrẹ́ níbí, fi dátà òru fa géèmù tuntun wálẹ̀ sórí laptop rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, géèmù ò tíì wálẹ̀ tán, àyè ti tán nínú laptop. Àwọn ìbéèrè tó kó wá bá mi nìyí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, Super Mario Bros. tí ẹ máa ń gbá ńkọ́? Báwo ni tiẹ̀ ṣe kéré tó bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ọdún 1985 ló jáde ní Jàpáànù. Gbogbo rẹ̀ ò ju 40 KB lọ (báìtì la fi ń wọn àyè; bí ẹgbẹ̀rún báìtì ni KB kan, bí ẹgbẹ̀rún KB ni MB kan, bí ẹgbẹ̀rún MB ni GB kan): 32 KB fún àwọn àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé, 8 KB fún àwòrán. Fọ́tò kan ṣoṣo tí o bá fi fóònù yà tóbi jù ú lọ fíìfíì. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé àyè ò sí, wọ́n sì ṣọ́ ọ ná. Wo ìkùukùu tó wà lókè dáadáa, kó o tún wo ewéko tó wà nílẹ̀: àwòrán kan náà ni! Àwọ̀ nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Ègé kéékèèké, pixel (àmì àwọ̀ tíńtín tó ń para pọ̀ di àwòrán) 8 ní ìbú, 8 ní òró, ni wọ́n ń tò pọ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá ń rán fọ́nrán aṣọ òkè pọ̀ di agbádá. Ègé kọ̀ọ̀kan ò gbà ju báìtì 16 lọ. Orin ibẹ̀ gan-an, ẹnikẹ́ni ò gbà á sílẹ̀. Àṣẹ ni wọ́n kọ, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń dún un. Iṣẹ́ ọpọlọ nìyẹn, mi ò lè yìn ín tán.

Ìbéèrè: Kí ló wá wà nínú ti ìsinsìnyí?

Ìdáhùn: Àwòrán ni. Red Dead Redemption 2, tó dé orí kọ̀ǹpútà ní 2019, ń béèrè 150 GB. Super Mario Bros. tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta á wọ ibẹ̀. Ká ní àwòrán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kan nínú géèmù báyìí jẹ́ pixel 4,096 ní ìbú àti ní òró. Bí wọ́n bá tiẹ̀ fún un pọ̀ títí tó fi ku báìtì kan fún pixel kọ̀ọ̀kan, 16 MB ni. Ògiri kan péré! Bàtà, awọ ojú, igi, kálukú ló ní tirẹ̀. Ohùn àwọn òṣèré tún wà ńbẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé kò sọ́nà míì ni?

Ìdáhùn: Ọ̀nà wà. Ní 2004, ẹgbẹ́ .theprodukkt ní Jámánì ṣe .kkrieger, géèmù oníbọn tó ní yàrá, òjìji àti ìmọ́lẹ̀, nínú 96 KB. Wọn ò kó àwòrán sínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán náà ni wọ́n kọ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ á wá yà á fúnra rẹ̀ bó o bá ṣí i. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣí, kò sì gùn, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo rí àwọn ògiri yẹn, mo pariwo pe àwọn ará ilé wá wò ó. Lójú tèmi, àwọn tó ń ṣe géèmù ńláńlá ti gbàgbé pé àwa kan ń fowó ra GB kọ̀ọ̀kan.

Ìbéèrè: Kí ni kí n wá ṣe báyìí?

Ìdáhùn: Kó o tó fa géèmù kankan wálẹ̀, kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n kọ "Storage" sí lójú ewé rẹ̀, kó o sì fi àyè lé e, torí àwọn kan máa ń nílò sí i nígbà àtúnṣe. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ti fà á wálẹ̀ láti orí Steam, ìsọ̀ géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ìwọ náà sì ti rà á, ẹ wà lórí Wi-Fi kan náà: láti 2023 ni Steam ti lè kó géèmù láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, dátà rẹ ò ní tán sí i. Èyí tó o ti fà dé ìdajì yẹn, má pa á rẹ́. Kó àwọn fíìmù rẹ kúrò, yóò máa bá a lọ láti ibi tó dúró sí.