Òkun Kò Ní Gun Òkè Mọ́kọ́lá

Ẹni kẹrin rèé lóṣù yìí tó wá bá mi pé òun fẹ́ ta ilẹ̀ òun ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, nítorí yìnyín tó wà lópin ayé lápá àríwá àti gúúsù ń yọ́, òkun á sì kún dé ibẹ̀. Ẹ gbọ́ ná, yìnyín wo?

Èyí tó léfòó lórí òkun lápá àríwá, bó yọ́, kò ní mú kí òkun kún tó bẹ́ẹ̀; ó ti gbàyè nínú omi tẹ́lẹ̀. Èyí tó jókòó sórí ilẹ̀ lẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Bí ti Greenland, erékùṣù ńlá kan lápá àríwá, bá yọ́ tán, òkun á fi nǹkan bíi mítà 7 ga sí i. Ti Antarctica, ilẹ̀ yìnyín tó wà lápá gúúsù pátápátá, nǹkan bíi mítà 58. Ẹ rò wọ́n pọ̀, kò tó ìdajì gíga tí Mọ́kọ́lá fi ga ju òkun lọ. Ará Èkó ni kẹ́ ẹ bá dárò.

Abẹ́ ni omi òkun ti ń jẹ yìnyín Antarctica jù, níbi tí ọkọ̀ kì í lè dé nígbà òtútù. Ta ló wá ń wọn omi ọ̀hún? Síìlì ni, ẹran omi. Wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀rọ kékeré mọ́ irun orí rẹ̀. Bó ṣe ń wá ẹja lọ nísàlẹ̀ omi, ó lè ju mítà 500 lọ, ẹ̀rọ ń wọn ìgbóná àti iyọ̀. Bó bá yọrí láti mí, ẹ̀rọ á jíṣẹ́ fún sátẹ́láìtì. Nígbà tí irun rẹ̀ bá ń já lọ́dọọdún, ẹ̀rọ á bá a já. Òṣìṣẹ́ tí kì í béèrè àjẹmọ́nú! Mo lè sọ̀rọ̀ ẹran yìí dalẹ́.

Wòlíì kan ò wọn nǹkan kan ní tiẹ̀. Ó gbowó lọ́wọ́ màmá kan létí odò Ògùnpa n'Ìbàdàn pé òun á fi àdúrà dá òkun padà. Owó tí màmá ì bá fi kó gọ́tà ni. Ògùnpa kan náà tó ya wọlé lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tó gbẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn! Òjò kan ṣoṣo rọ̀, àgbàrá gbé fíríìjì màmá jáde. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló dí gọ́tà náà pa.

Mo ti ẹ̀rọ ìwọniyọ̀ mi bọ omi inú pálọ̀ níwájú wọn. Mo ní, "Màmá, ẹ wò ó, kò sí iyọ̀ òkun níbẹ̀ rárá."

Màmá mirí. "Ẹ ò rí i, dókítà? Àdúrà wòlíì ló fọ iyọ̀ náà kúrò."