No Remorse (àwo orin Motörhead)

No Remorse ni àwo orin àkójọ tí ẹgbẹ́ olórin Motörhead ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1984, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Bronze Records. Àwo méjì ni, orin 24 ló sì wà lórí wọn. Heavy metal ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀: gìtá oníná tó ń ké bí ẹ̀rọ ìlagi Bódìjà, ìlù kíkankíkan, àti ohùn tó há. Lemmy, olórí ẹgbẹ́ náà, kò gba orúkọ yẹn. Rock and roll ló máa ń pe tirẹ̀. Òun ló dá Motörhead sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1975, lẹ́yìn tí wọ́n lé e kúrò nínú ẹgbẹ́ Hawkwind. Òun ló ń kọrin, òun náà ló ń ta gìtá béèsì.

Nígbà tí Bronze fẹ́ kó àwọn orin àtijọ́ jọ tà, Lemmy ní bó bá máa rí bẹ́ẹ̀, òun fúnra òun ni yóò ṣà wọ́n. Ó kọ àlàyé nípa àwọn orin náà sínú páálí àwo. Àwọn tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ nígbà náà ni: Phil Campbell àti Würzel nídìí gìtá, Pete Gill nídìí ìlù. Kí àwọn náà lè hàn, wọ́n kọ orin tuntun mẹ́rin: "Killed by Death", "Snaggletooth", "Steal Your Face" àti "Locomotive". Ojú mẹ́rin ni àwo méjì ní, orin mẹ́fà-mẹ́fà ló wà lójú kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú àwọn tuntun yìí ló sì kẹ́yìn ojú kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbọ́ ojú kan délẹ̀ kò lè ṣàì bá a pàdé. "Snaggletooth" náà ni wọ́n ń pe orí ẹranko eléyín gígùn tí Joe Petagno yà fún ẹgbẹ́ náà.

Lára àwọn orin àtijọ́ ni "Overkill" àti "Bomber" (1979), "Ace of Spades" (1980) àti "Iron Fist" (1982). "Please Don't Touch", tí wọ́n gbé jáde pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Girlschool ní 1981, náà wà níbẹ̀. Wọ́n fi awọ gidi ṣe páálí díẹ̀ lára àwọn àwo náà. Ipò 14 ni No Remorse dé lórí àtẹ àwọn àwo tó ń tà jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní Ìbàdàn, ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ṣa orin jọ. Ẹni tó bá ń fẹ́ ògidì Sikiru Ayinde Barrister tàbí Dauda Epo Akara á mú mẹ́mọ́rì káàdì lọ bá àwọn oníkọ̀ǹpútà ní Agbowó, á ní, "Bùọ̀dá, ẹ bá mi da Barrister àtijọ́ sí i." Oníkọ̀ǹpútà ló ń ṣà á, kì í ṣe olórin. Fújì pàápàá kò rọrùn láti gé sí wẹ́wẹ́: ojú kan àwo lè jẹ́ orin kan ṣoṣo tí kò dáwọ́ dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí oríkì àti orúkọ àwọn ọlọ́lá wọnú ara wọn. Bí wọ́n bá gé àárín rẹ̀ jáde, ẹni tó mọ̀ ọ́n á mọ̀ pé nǹkan ti yọ.

Lẹ́yìn No Remorse, àárín Motörhead àti Bronze kò gún mọ́. Àwo wọn tó tẹ̀ lé e, Orgasmatron, kò jáde títí di 1986, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ GWR. Lemmy kú ní ọjọ́ 28 oṣù kejìlá ọdún 2015, ẹgbẹ́ náà sì parí síbẹ̀.