Bí ẹran ọ̀sìn ṣe ń gba àrólé lọ́wọ́ igi apá ní ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́

Àwọn àgbà ní bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ la fi ń rọ́pò. Ní ọ̀dàn tó yí ìlú Ṣábẹ̀ẹ́ ká ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, láti ẹsẹ̀ òkè ìlú náà lọ sí ìhà Kìlíbò, a lè rìn láti ìdí apá kan dé ìdí òmíràn láì rí ọmọ igi kan tó ga ju orúnkún lọ. Ẹni tó bá ń wo igbó náà láti inú ọkọ̀ lójú ọ̀nà Parakou yóò ní igi ṣì pọ̀. Igi pọ̀ lóòótọ́. Àrólé ni kò sí.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù Bélú títí dé Ẹrẹ́nà, koríko á gbẹ, iná ìgbẹ́ á sì jó púpọ̀ nínú èyí tó kù. Apá, tó jẹ́ ìbátan ẹ̀wà, a máa rúwé tuntun kí òjò tó dé, ewé náà sì ṣe màlúù tó ti rù láǹfààní ju koríko gbígbẹ lọ. Ọ̀gànwó, igi ńlá mìíràn nínú ọ̀dàn náà, kì í sábà wọ́wé tán ní tirẹ̀. Nítorí náà ni darandaran ṣe ń gun àwọn igi méjèèjì pẹ̀lú àdá, tí ó ń gé ẹ̀ka wọn sílẹ̀ fún ẹran rẹ̀. Màlúù fúnra rẹ̀ kò lè dé orí igi. Ọwọ́ ènìyàn ló ń bá a débẹ̀. Kì í sì í ṣe ìkà ló mú un ṣe é, nítorí ẹni tí ẹran rẹ̀ ń kú lọ lójú rẹ̀ kò ní yí ojú kúrò lára igi tó tutù.

Ohun tí gígé yìí ń ṣe nínú igi kì í hàn lọ́jọ́ kan. Oúnjẹ tí igi kó pamọ́ sínú gbòǹgbò àti ìtí ló fi ń rúwé àkọ́kọ́. Bí a bá gé ewé náà kí ó tó san gbèsè yẹn padà, igi á tún ní láti bu nínú ìyókù. Òdòdó apá sì máa ń yọ pẹ̀lú ewé tuntun, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tó gé ẹ̀ka ní oṣù Èrèlé ti gé èso ọdún náà mọ́ ọn. Bí a bá sún mọ́ apá tí wọ́n ti ń gé lọ́dọọdún, a ó rí i pé orí àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ti di kókó bí ìkúùkù, tí èéhù wẹ́wẹ́ sì yí kókó náà ká. Èéhù wọ̀nyí tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n èso ṣọ̀wọ́n lára wọn. Ẹ̀ka tí àdá kò kàn la ti ń rí èso dúdú tó le bí pákó, èyí tó jẹ́ pé bí ó bá là, hóró dúdú á yọ síta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé fìlà aláwọ̀ ọsàn. Ojú ọgbẹ́ tún ni omi àti ikán ń gbà wọlé. Igi tí inú rẹ̀ ti dihò, iná ìgbẹ́ kì í pẹ́ ráyè nínú rẹ̀.

Orou Gaoué, ọmọ Bẹ̀nẹ̀, àti Tamara Ticktin ṣe ìwádìí lórí ọ̀gànwó ní Bẹ̀nẹ̀, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 2008 tó fi hàn pé gígé ewé ní àgéjù ń dín èso àti hóró igi náà kù. Ọ̀gànwó tún ní ìyà tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí pé àwọn tó ń se àgbo ibà a máa bó èèpo rẹ̀.

Hóró tó bọ́ sílẹ̀ kò tíì dọmọ. Eku á jẹ nínú rẹ̀; èyí tó bá hù, ewúrẹ́ àti àgùntàn á bu orí rẹ̀, pátákò màlúù á tẹ̀ ẹ́, pàápàá lẹ́bàá omi níbi tí ilẹ̀ ti le gbagidi, iná á sì tún kọjá lórí rẹ̀. Ọmọ apá kì í tètè kú, nítorí pé ó lè tún hù láti gbòǹgbò, ṣùgbọ́n ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láì ga tó ibi tí ẹnu ẹran àti ọwọ́ iná kò ní lè dé. Ó yẹ kí a sọ òdìkejì rẹ̀ pẹ̀lú: màlúù tó jẹ koríko dín ohun tí iná ì bá jó kù, nítorí náà ẹran tí kò pọ̀ jù lè ran ọmọ igi lọ́wọ́. Àwọn igi kan tí hóró wọn le ń bá ìgbẹ́ màlúù rìn jìnnà, wọ́n sì ń gbilẹ̀. Apá kò rí irú èrè bẹ́ẹ̀.

Igi kan lè so ọ̀pọ̀lọpọ̀ hóró láyé rẹ̀, ọmọ kan péré tó dàgbà dé ipò rẹ̀ sì ti tó. Nítorí pé igi ńlá ń pẹ́ láyé, àìsí ọmọ kì í tètè hàn: iye igi tí à ń kà lónìí lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti ogún ọdún sẹ́yìn, kí ó tó wá jẹ́ pé àwọn arúgbó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú tẹ̀lé ara wọn. Èédú sísun àti oko tuntun tún ń mú ìṣubú náà yá. Àjọ IUCN, tó ń ṣọ́ ẹ̀dá tí ó lè run lágbàáyé, ti ka igi méjèèjì mọ́ àwọn tí ìparun lè bá, ìpàdé CITES, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi tí ìparun lè bá, tó wáyé ní Panama ní oṣù Bélú 2022 sì fi apá àti ọ̀gànwó Áfíríkà sábẹ́ ìṣọ́ òwò àgbáyé. Pákó tó ń kọjá ẹnubodè ni ìṣọ́ náà wà fún. Kò kan ewé tó wà lẹ́nu màlúù.

Ohun tó lè dín ìpalára kù ni pé kí a má gé igi kan náà lọ́dọọdún, kí a fi ẹ̀ka díẹ̀ sílẹ̀ láti so, kí a sì fi ẹ̀gún yí ọmọ igi ká títí tí yóò fi ga ju ẹnu ẹran lọ. Bí gbogbo èyí bá tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí, àwọn igi tí ì bá ti hù láàárín àwọn ọdún tó ti kọjá kò lè padà wá mọ́: àlàfo ọjọ́ orí tó wà nínú igbó náà yóò máa gòkè lọ pẹ̀lú àwọn tó kù, láti ìwọ̀n ọrùn ọwọ́ dé ìwọ̀n itan, títí di ọjọ́ tí ibi tó yẹ kí igi ńlá wà yóò fi ṣófo.