Jacky Ickx

Jacques Bernard Ickx, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Jacky Ickx, jẹ́ awakọ̀ eré-ìje ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tí wọ́n bí ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1945 ní ìlú Brussels. Ó borí nínú eré-ìje Formula One, ìdíje ọkọ̀ tó ga jù lọ, ní ìgbà 8, ó gba ipò kìíní nínú eré-ìje oníwákàtí 24 ti Le Mans ní ilẹ̀ Faransé ní ìgbà 6, ó sì jáwé olúborí nínú ìdíje láti Paris sí Dakar ní ọdún 1983. Kò gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti Formula One rárá, síbẹ̀ àwọn awakọ̀ tó gbà á, tí wọn kò sì lè fi ọwọ́ kan ohun tí ó ṣe ní pápá mìíràn, kò kéré níye.

Jacques Ickx, bàbá rẹ̀, jẹ́ oníròyìn tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀, Pascal ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti ń bá wọn du ipò nínú eré-ìje ọkọ̀ kí òun tó bẹ̀rẹ̀. Orí alùpùpù Zündapp kékeré kan tí wọ́n rà fún un ni Jacky fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ gba ife-ẹ̀yẹ. Láti ibẹ̀ ni ó ti bọ́ sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Lotus Cortina, ó sì di olúborí ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Ní ọdún 1966, òun àti Hubert Hahne ará Jámánì fi ọkọ̀ BMW borí nínú eré-ìje oníwákàtí 24 ti Spa-Francorchamps.

Ken Tyrrell, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní ẹgbẹ́ awakọ̀ tirẹ̀, ni ó fi ọkọ̀ Matra lé e lọ́wọ́, Ickx sì fi gba ife-ẹ̀yẹ Formula Two, ìpele tó wà lábẹ́ Formula One, ti Yúróòpù ní ọdún 1967. Ọdún yẹn kan náà ni orúkọ rẹ̀ tàn kálẹ̀ ní pápá Nürburgring ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti jẹ́ kí àwọn ọkọ̀ Formula Two sáré pọ̀ mọ́ ti Formula One. Nígbà ìdánwò fún ipò ìbẹ̀rẹ̀, awakọ̀ méjì péré ni ó yá ju Ickx lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni enjínnì tirẹ̀ kéré gan-an sí tiwọn. Ẹ̀yìn ni òfin ní kí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti gba ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níwájú kọjá kí irin tó gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ ró tó ṣẹ́.

Ferrari gbà á sí iṣẹ́ ní ọdún 1968. Ní oṣù keje ọdún náà, òjò ń rọ̀ ní Rouen ní ilẹ̀ Faransé, ó yan táyà òjò pọ́ńbélé, ó sì borí nínú Formula One fún ìgbà àkọ́kọ́, ní ọmọ ọdún 23. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń kà á sí ọ̀gá nínú òjò, oyè tí ó tún fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Zandvoort ní ilẹ̀ Netherlands ní ọdún 1971, àti ní Brands Hatch ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1974, nínú eré-ìje kan tí kò sí lára ìdíje àgbáyé, nígbà tí ó gba ẹ̀gbẹ́ ìta kọjá lára Niki Lauda tó wà níwájú.

Ní ọdún 1969, ó kúrò ní Ferrari lọ sí Brabham, ó borí ní Jámánì àti ní Kánádà, ó sì ṣe ipò kejì sí Jackie Stewart nínú ìdíje àgbáyé ọdún náà. Ó padà sí Ferrari ní ọdún 1970. Ní Jarama ní ilẹ̀ Sípéènì, ọkọ̀ Jackie Oliver kọlu tirẹ̀, iná sọ, iná náà sì jó o lára. Ara rẹ̀ yá, ó padà wá, ó sì borí ní Ọ́stríà. Ní oṣù kẹsàn-án, Jochen Rindt tó wà níwájú nínú àmì kú níbi ìdánwò ní Monza. Eré-ìje mẹ́ta ló kù, Ickx sì wà lára àwọn tó ṣì lè lé àmì Rindt bá. Ó borí ní Kánádà àti ní Mẹ́síkò, ṣùgbọ́n epo jò nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní Watkins Glen ní Amẹ́ríkà, ipò kẹrin ló sì mú níbẹ̀. Àmì 45 ni Rindt ní, Ickx ní 40, ó sì sọ lẹ́yìn náà pé kò dun òun, torí pé òun kò fẹ́ gba ife-ẹ̀yẹ lọ́wọ́ ẹni tí kò sí láyé láti jà fún un. Nürburgring ní ọdún 1972 ni ìgbà ìkẹyìn tí ó borí nínú ìdíje àgbáyé Formula One. Àwọn ọdún tó lò ní Lotus, Ensign àti Ligier kò mú èso púpọ̀ wá.

Le Mans ni iṣẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Títí di ọdún 1969, àṣà ibẹ̀ ni pé kí àwọn awakọ̀ tò sí òdìkejì ọ̀nà, kí wọ́n sá lọ bá ọkọ̀ wọn bí wọ́n bá ti ju àsíá. Ẹni tó bá ń kánjú kì í dúró láti de bẹ́líìtì ìjókòó. Ickx kò fara mọ́ èyí. Ní ọdún 1969 yẹn, nígbà tí àwọn yòókù ń sáré, ńṣe ni ó ń rìn gbẹ̀fẹ́ lọ sí ìdí Ford GT40 rẹ̀, ó jókòó, ó de bẹ́líìtì rẹ̀ dáadáa, ó sì gbéra lẹ́yìn gbogbo wọn. Kí wọ́n tó parí ìyípo àkọ́kọ́, John Woolfe ti kú nínú jàǹbá, nítorí kò de bẹ́líìtì. Lẹ́yìn wákàtí 24, Ickx àti Jackie Oliver ló gba ipò kìíní. Nǹkan bí mítà 120 péré ló wà láàárín wọn àti Porsche tí Hans Herrmann ń wà. Nígbà tí ó ń padà sí Paris, ọkọ̀ rẹ̀ forí sọ òpó nítòsí Chartres, bẹ́líìtì ló sì tún yọ ọ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, inú ọkọ̀ ni àwọn awakọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú bẹ́líìtì lára.

Ó tún borí níbẹ̀ ní ọdún 1975, 1976, 1977, 1981 àti 1982, lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú rẹ̀ pẹ̀lú Derek Bell. Èyí tó le jù ni ti 1977. Porsche tí òun àti Henri Pescarolo ń wà bàjẹ́ ní kùtùkùtù, wọ́n sì gbé Ickx lọ sínú ọkọ̀ Jürgen Barth àti Hurley Haywood, tó ti há sí ẹ̀yìn pátápátá. Ó wà á fún ọ̀pọ̀ wákàtí òru náà nínú òjò àti kùrukùru, ó ń gba àwọn ọkọ̀ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn Renault tó wà níwájú sì ń bàjẹ́. Nígbà tí eré fẹ́ parí, enjínnì náà kò pé mọ́, Barth ló rọra wà á dé òpin. Ọdún 2005 ni Tom Kristensen ará Denmark tó fi ìgbà keje borí níbẹ̀, tí ó sì kọjá iye rẹ̀.

Láàárín gbogbo èyí, ó borí ní Bathurst ní Ọsirélíà pẹ̀lú Allan Moffat ní ọdún 1977, ó gba ife-ẹ̀yẹ Can-Am ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1979, ó sì jẹ́ olúborí àgbáyé fún àwọn awakọ̀ eré-ìje onírìn-jíjìn ní ọdún 1982 àti 1983. Ní ọdún 1984, òun ni alákòóso eré-ìje Monaco tó ní kí wọ́n ta àsíá pupa láti dá eré náà dúró nítorí òjò, nígbà tí Ayrton Senna ń lé Alain Prost bọ̀. Porsche ló ṣe enjínnì Prost, Ickx sì ń wakọ̀ fún Porsche, nítorí náà àríwísí pọ̀; àjọ tó ń bójú tó eré-ìje sì jẹ ẹ́ níyà pé kò fọ̀rọ̀ lọ àwọn adájọ́ eré náà.

Ilẹ̀ Áfíríkà ni ó gba apá ìkẹyìn iṣẹ́ rẹ̀. Pẹ̀lú òṣèré Faransé, Claude Brasseur, ó fi Mercedes la aginjù Sàhárà já dé Dakar ní ipò kìíní ní ọdún 1983. Òun ló rọ Porsche láti gbé 911 wá síbẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, René Metge sì fi borí. Ní ọdún 1989, Peugeot, tí òun àti Ari Vatanen ń wakọ̀ fún, ta owó ẹyọ sókè láàárín wọn láti mọ ẹni tí yóò ṣáájú. Vatanen ni owó náà gbè.

Ṣùgbọ́n ó ti fi eré-ìje orí pápá, yàtọ̀ sí ti aginjù, sílẹ̀ ní òpin ọdún 1985, ọdún tí ọkọ̀ rẹ̀ àti ti Stefan Bellof kọlura ní Eau Rouge ní Spa, tí Bellof sì kú. Ìlú Le Mans fi í ṣe ọmọ ìlú ní ọdún 2000. Ó fẹ́ Khadja Nin, akọrin ọmọ ilẹ̀ Bùrúńdì. Vanina, ọmọbìnrin rẹ̀, di awakọ̀ eré-ìje, òun náà sì ti wakọ̀ ní Le Mans.