Pọ́lígọ́ọ̀nù oko: ìlà tí wọ́n ń fi fóònù fà yí kòkó ká

Bí ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ yín ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Ògbèrè bá rán ọmọ kan wá pẹ̀lú fóònù, tó ní kí Bàbá mú òun lọ síbi tí ààlà oko wà, pọ́lígọ́ọ̀nù ló wá gbà. Ìlà tó yí oko ká, tó sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ni. Ní kọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, fóònù á gba ibi tó wà lọ́wọ́ sátẹ́láìtì, á fi nọ́ḿbà méjì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, 6.8 ló máa ń bẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́, 3.9 ló máa ń bẹ̀rẹ̀ èkejì.

Òfin kan tí ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ní 2023 ló fà á. Wọn ò fẹ́ kòkó tó ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn 31 Oṣù Kejìlá 2020 wá. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà máa múlẹ̀ síwájú, àmọ́ àwọn tó ń rajà ò dúró dè é. Oko tó bá ju hẹ́kítà 4 lọ (díẹ̀ ló kù kó pé éékà 10) gbọ́dọ̀ ní pọ́lígọ́ọ̀nù; èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, nọ́ḿbà ibì kan ṣoṣo nínú oko náà ti tó. Nọ́ḿbà 6 ni wọ́n ní kó wà lẹ́yìn pọ́ìǹtì. Ìkẹfà yẹn kò ju sẹ̀ǹtímítà 11 lórí ilẹ̀ lọ! Fóònù tó ń fi bíi mítà 5 ṣìnà ní gbangba, tó tún ń ṣìnà jù bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ ewé kòkó, níbo ló ti fẹ́ rí sẹ̀ǹtímítà? Ọ̀ṣọ́ lásán ni, lójú tèmi.

Ó ti pẹ́ táyé ti ń ya oko eléso. Ní Íjíbítì, ní nǹkan bí ọdún 1350 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n ya ọgbà sára ògiri ibojì Nebamun, akọ̀wé ilé òrìṣà kan. Wọ́n ya adágún omi bí ẹni tó ń wò ó látòkè, wọ́n ya igi bí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; àwọn igi ẹ̀gbẹ́ kan sì dùbúlẹ̀ gbalaja. Ohun tí olówó ọgbà fẹ́ rí ni wọ́n yà: igi àti èso.

Ìwé ìwọnlẹ̀ tiwa yàtọ̀ pátápátá. Pèrègún àti ẹnu àgbà la fi ń mọ ààlà tẹ́lẹ̀, kí awọnlẹ̀ tó dé pẹ̀lú òpó kọ́ńkéré. Ìlà, jíjìnnà àti orúkọ onílẹ̀ ló ń kọ. Kò ní ya obì kan sí i. Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà Òfin Ilẹ̀ 1978, bí ìjọba bá gba oko, ohun tí èèyàn gbìn àti ohun tó kọ́ síbẹ̀ ni owó gbà-má-bínú ń bá lọ. Igi tí kò sí nínú ìwé náà ni wọ́n á wá kà.

Sátẹ́láìtì tó ń ya àwòrán ilẹ̀, tí wọ́n fi ń wò ó bóyá wọ́n pa igbó, gan-an kò mọ igi dáadáa. Sentinel-2, sátẹ́láìtì ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n rán lọ ní 2015, ojú kan nínú àwòrán rẹ̀ gba mítà 10 ní gígùn àti ní ìbú. Kòkó tí wọ́n fi mítà 3 síra wọn, bíi 11 ló wọ inú ojú kan. Bí ìrókò, ọ̀pẹ àti obì bá wá ṣíji bo kòkó náà, igbó ni kọ̀ǹpútà máa pè é. Ẹni tó bá gé kòkó àtijọ́ láti tún òmíràn gbìn lè dẹni tó pa igbó lójú rẹ̀.

Nítorí náà, kí wọ́n tó fi ìlà náà ránṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín lórí àwòrán ojú ọ̀run. Ẹ wò ó bóyá ó bọ́ sódò, tàbí ó gé oko ará ẹ̀gbẹ́ yín wọlé. Bí igi ńlá bá wà láàárín kòkó yín, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ pé oko ni, kí wọ́n kọ ọdún tí ẹ gbin kòkó náà sí i.