Bí táǹkì epo ńlá ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ àfọwọ́tò

Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ to ọkọ̀ sábà máa ń fi táǹkì kékeré bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìrìn bá wá jìn, bí ẹni tó ti Kàbbà gba Mọ̀pà lọ sí Ìsánlú tó tún fẹ́ padà lọ́jọ́ kan náà, yóò fẹ́ èyí tó tóbi jù. Ọ̀pọ̀ ló rò pé kí wẹ́dà ká páànù bí àpótí, kó jó o pa, iṣẹ́ ti parí. Kò tíì parí rárá.

Epo kì í dúró sójú kan. Lítà bẹntiróòlù kan wọn nǹkan bíi kílò 0.74, nítorí náà 60 lítà fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì kan. Tí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà lórí àwọn òkè ilẹ̀ Òkun, agbègbè Kàbbà yẹn ní ìpínlẹ̀ Kogí, gbogbo ẹrù yìí á rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹnu páìpù tó ń fa epo á ṣófo, pọ́ǹpù á fa afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì á máa wúkọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jó pátákó irin tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ inú táǹkì, tí wọ́n á lu ihò sí i, kí epo lè máa kọjá ní pẹ̀lẹ́.

Ihò afẹ́fẹ́ ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. Bí epo ṣe ń jáde ni afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa wọlé dípò rẹ̀. Bí ihò náà bá dí, ọkọ̀ á sáré díẹ̀, á kú. Ẹ ṣí ìdérí táǹkì, ẹ ó gbọ́ “fíììì,” ọkọ̀ á tún jí. Ó dunni pé àwọn kan á ti pààrọ̀ pọ́ǹpù kí wọ́n tó wo ibẹ̀. Kí hóòsì ihò afẹ́fẹ́ yìí gba òkè lọ, kó ní fáàfù tí yóò dí bí ọkọ̀ bá dojú dé, kí ẹnu rẹ̀ sì wà níta ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ń lo ìjẹ́kítọ̀, ìyẹn ohun tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, sábà máa ń nílò hóòsì kejì tó ń dá epo padà.

Ní ti ibi tí a ó gbé e sí, iwájú táyà ẹ̀yìn ló dára. Ẹ̀yìn pátápátá ni ti Ford Pinto, ọkọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan, wà, ó sì ń gbaná bí wọ́n bá fi ọkọ̀ gbá a. Ní 1978 ni ilé-iṣẹ́ náà pè é padà fún àtúnṣe.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí wẹ́dà jó táǹkì àlòkù. Òfìfo rẹ̀ léwu ju èyí tó kún lọ, torí òórùn epo tó kù nínú rẹ̀ ló ń bú gbàmù. Páànù òrùlé tí wọ́n fi síńkì pa lára náà kò yẹ, nítorí síńkì ń bá epo jà.

Bí táǹkì tuntun bá tutù, a ó dí gbogbo ẹnu rẹ̀, a ó fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i, kò gbọdọ̀ tó ti táyà rárá, a ó wá fi omi ọṣẹ pa ojú ìjó. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń hó, ibẹ̀ ni wẹ́dà yóò padà sí, kí bẹntiróòlù tó kàn án.